Láti Jíjẹ̀ dé Bíbọ́: Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn àti Ìtọ́jú Àyíká láàrin Àwọn Àgbẹ̀ Olóko Kékeré ní Òmù-Àrán

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó yẹ kí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èkíní ni jẹ̀, tí a ń fi ohùn ìsàlẹ̀ pè. Èkejì ni bọ́. Ẹran tí ó ń jẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá oúnjẹ kiri. Ẹran tí a ń bọ́ ni ẹni tí ó ni ín ń gbé oúnjẹ wá bá. Ẹni tí ń da ẹran jẹ̀ ni a ń pè ní darandaran, jẹ̀ yìí kan náà ni ó sì wà nínú òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀, pé: Ewúrẹ́ jẹ̀, ó relé, àgùntàn jẹ̀, ó relé, à-jẹ̀-ì-wálé ni ó ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Ìwà ènìyàn ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹ̀rí ọ̀nà tí àwọn baba ńlá gbà ń sin ẹran. Láàárọ̀ ni a ó ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò darí wálé. Ohun tí ó jẹ láàrin kò kan ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá wọ oko olóko.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé jíjẹ̀ ti ń dópin ní àwọn ìlú Ìgbómìnà, pàápàá ní Òmù-Àrán tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àti pé bíbọ́ tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ààrin méjèèjì ni ẹran há sí, òun àti ẹni tí ó ni ín àti ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé orí rẹ̀. Èyí tí ó sì ṣeni ní kàyéfì jù ni pé púpọ̀ nínú oúnjẹ tí à bá fi bọ́ ẹran ni à ń dáná sun lẹ́yìn ibi tí a ti ń ṣe gàrí.

Ẹran Agboolé àti Ẹni tí ó ni ín

Nígbà tí a bá dárúkọ ẹran ọ̀sìn ní Nàìjíríà lóde òní, màlúù ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ bá. Ní agboolé Ìgbómìnà, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni, adìyẹ sì tẹ̀ lé wọn. Ewúrẹ́ ìbílẹ̀, kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ kékeré, kì í sábà wọn ju kílò 20 sí 25 lọ bí ó bá dàgbà tán. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹran gíga òkè ọya kò ní: ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran. Ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ ní ilẹ̀ yìí, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ara wọn.

Àwọn obìnrin ni ó ni púpọ̀ nínú ewúrẹ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe ẹran tí a ń pa jẹ ní ojoojúmọ́. Owó ìpamọ́ ni. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, tàbí tí àìsàn bá wọlé, a ó mú òbúkọ kan lọ sí ọjà. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra ẹran lè gba abo ewúrẹ́ ẹlòmíràn sìn, kí àwọn méjèèjì sì jọ pín ọmọ tí ó bá bí. Ó dùn mọ́ni láti ṣàkíyèsí pé sìn tí a fi ń sọ pé ẹnìkan ń sin ẹran kò yàtọ̀ ní pípè sí sìn tí a fi ń sọ pé ó ń sin òrìṣà tàbí ó ń sin ọba. Ẹni tí ó bá ti gé ewé fún àgbò ọdún Iléyá láti oṣù mẹ́ta ṣáájú kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Àwọn àgbà mọ bíbọ́ náà. Èèrí ògì, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí ni a ń gbé sílẹ̀ fún ẹran ní ẹ̀yìnkùlé. A máa ń fọ́ ọ̀gán, a ó kó ikán inú rẹ̀ dà sílẹ̀ fún òròmọdìyẹ. Ní àkókò tí irúgbìn bá wà lóko, a ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí sì nìyí tí òwe mìíràn fi wí pé àgbà kì í wà nílé kí ewúrẹ́ bímọ sórí ìso. Ẹran tí ó wà lórí ìso kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí yóò jẹ, tí yóò mu, àti ìgbà tí yóò bí, ọwọ́ ẹni tí ó so ó ni ó wà. Òwe kìíní sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí ń jẹ̀, èkejì sọ nípa ẹran tí a ní láti bọ́. Èkejì yìí ni ó bá ìgbà tí a wà yìí mu jù.

Iṣẹ́ tí Ṣàkì ń ṣe

Kí a tó sọ ohun tí ó yẹ kí ẹran jẹ, ó yẹ kí a mọ ibi tí oúnjẹ náà ń lọ. Gbogbo ẹni tí ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹran ni ó mọ ṣàkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ṣàkì dà bí ìkòkò ńlá tí oúnjẹ ti ń kan. Àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú rẹ̀, àwọn ni ó sì ń bá ẹran fọ́ koríko àti ewé líle tí ikùn ènìyàn kò lè dà. Nítorí wọn ni ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ: ẹran náà ń pọ ohun tí ó ti gbé mì padà sí ẹnu, ó ń rún un kúnná, kí àwọn kòkòrò wọ̀nyí lè rí i ṣe.

Àwọn ni à ń bọ́ ní tòótọ́. Bí a bá fún wọn ní pòròpórò gbígbẹ nìkan, wọn kò ní rí púrótéènì, èròjà tí ń kọ́ ara, wọn yóò dínkù, iṣẹ́ yóò falẹ̀. Ikùn ẹran yóò kún ṣùgbọ́n egungun ìhà rẹ̀ yóò máa yọ. Bí a bá fi ewé tútù díẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ yóò tún yá. Bákan náà, bí a bá ṣàdédé da ọkà tàbí oúnjẹ oníyẹ̀fun púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹran tí kò mọ̀ ọ́n jẹ tẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà nínú ṣàkì yóò kan rékọjá ààlà, ẹran náà sì lè kú. Ẹni tí ó bá mọ èyí mọ ìdí tí a fi ń yí oúnjẹ ẹran padà díẹ̀díẹ̀, tí a sì fi ń da oríṣi oúnjẹ pọ̀ dípò kí a dúró lórí ẹyọ kan.

Àyípadà tí ó dé bá Ìjẹ̀

Ìjẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣófo nítòsí ilé, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti ń wọ́n. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark, tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe òpó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní ọdún 2011, ilé ń pọ̀ sí i ní etí ìlú, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi kò rí ìsinmi gígùn mọ́. Èyí tí ó bá sì rí i, ewé akíntọ́lá ni ó ń gbà á. Àwọn mìíràn ń pe ewé náà ní ewé Awólọ́wọ̀; ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí oníkálukú ń ṣe nígbà náà ni ó fi yan orúkọ. Orúkọ yòówù kí a pè é, ẹran kì í fẹ́ jẹ ẹ́.

Ohun tí ó rọ́pò koríko ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀rá. Ewúrẹ́ ń jẹ ọ̀rá tí a fi di mọ́ínmọ́ín àti èyí tí a fi ta omi, nítorí pé iyọ̀ tàbí òórùn oúnjẹ wà lára rẹ̀. Ọ̀rá kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Yóò máa kó jọ sínú ṣàkì, yóò di ìdì líle, ẹran yóò sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Àwọn alápatà tí ń la inú ẹran kò ṣàjèjì sí ìdì wọ̀nyí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó wá ń fi gbogbo rẹ̀ hàn. Òjò máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, kì í sì í padà dáadáa kí ó tó di oṣù kẹrin. Ní kété tí koríko bá gbẹ ni iná ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọdẹ ń sun igbó láti lé ẹran jáde, àgbẹ̀ ń sun ún láti tún oko ṣe, ẹlòmíràn sì ń sun ún láìní ìdí kan pàtó. Ohun tí iná yìí ń jẹ ní ọ̀sán kan ṣoṣo tó fi bọ́ agbo ẹran agboolé kan títí òjò yóò fi dé.

Òfin náà ti dá sí ọ̀rọ̀ ìjẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ṣe òfin tí ó ká dída ẹran kiri lọ́wọ́ kò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù Nàìjíríà pé jọ ní Asaba, wọ́n fẹnu kò pé kí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba dópin ní ìpínlẹ̀ wọn. Kwara kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ibi tí àríyànjiyàn náà ti le jù ni irú agbègbè tí Òmù-Àrán wà, níbi tí gáà Fúlàní àti oko Yorùbá ti jọ wà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà kan, lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà, màlúù a máa wọ oko láti jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ wọn a sì di ajílẹ̀ fún olóko. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ní màlúù ni ó sì fi í sọ́dọ̀ Fúlàní sìn. Ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ti dínkù gan-an. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé tún ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní gúúsù Kwara yàgò fún oko ọ̀nà jíjìn, tí wọn kò sì lè lọ gé ewé níbi tí wọ́n ti ń gé e tẹ́lẹ̀. Òfin lè sọ pé kí a so ẹran. Kò sọ ohun tí yóò jẹ lórí ìso. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní oṣù keje ọdún 2024, ìbéèrè yìí ni ó sì yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ ní abúlé.

Èèpo Gbágùúdá

Nàìjíríà ni ó ń gbin gbágùúdá jù lọ ní àgbáyé. Nígbà tí a bá fi ọwọ́ bó gbágùúdá, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni ó ń lọ sí èèpo àti ìdí rẹ̀ líle. Àwọn onímọ̀ ní ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn tí ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ṣírò pé èèpo tútù tí à ń kó jọ ní Nàìjíríà lọ́dún tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 14. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ẹran ń jẹ. Ìyókù ń di òkìtì lẹ́yìn ibùdó gàrí. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi dúdú olóòórùn yóò ṣàn láti inú rẹ̀ lọ sí odò àti kànga. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó dáná sí i, yóò sì máa rú èéfín fún ọjọ́ púpọ̀ lójú àwọn obìnrin tí ń yan gàrí nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kọjá ní Òmù-Àrán, ní Èsìé tàbí ní Àjàṣẹ́-Ìpo mọ òórùn tí à ń wí.

Kí ni ó dé tí a kò kúkú fi gbogbo rẹ̀ bọ́ ẹran? Ìdí mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni oró tí a ń pè ní sáyánáìdì, tí ó pọ̀ nínú èèpo ju inú gbágùúdá gan-an lọ, pàápàá nínú ẹ̀yà gbágùúdá tí ó korò. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa tí ó bá jẹ èèpo tútù ní àjẹjù lè ṣubú kú láàrin wákàtí díẹ̀. Èkejì ni omi. Bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èèpo tútù jẹ́ omi. Ó wúwo láti gbé, ó sì tètè ń rà. Èkẹta ni pé bí a bá sá a sóòrùn bí ó ṣe wà, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò gbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò; kí ó tó gbẹ, ó ti bu, irú èébu bẹ́ẹ̀ sì ní oró tirẹ̀ tí ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ àti ti ẹran jẹ́.

Láti nǹkan bí ọdún 2015 ni ILRI àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń fi ọ̀nà kan hàn tí ó ṣẹ́gun àwọn ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó wuni nínú rẹ̀ ni pé kò sí irinṣẹ́ kan nínú rẹ̀ tí alágàrí kò ní. Ní ọjọ́ tí a bó èèpo náà gan-an, a ó ṣa ìdí líle àti iyanrìn kúrò, a ó fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá lọ̀ ọ́. Lílọ̀ yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù: ó ń fọ́ ara èèpo náà, èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ yóò tú oró náà sílẹ̀, púpọ̀ yóò sì bá afẹ́fẹ́ àti omi lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó dì í sínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, bí a ti ń ṣe fún gàrí. Ohun tí ó bá kù yóò ṣù bí àkàrà. A ó fọ́ ọ, a ó fi asẹ́ jọ̀ ọ́, a ó sì sá a sóòrùn lórí tápólì tàbí kí a yan án. Bí oòrùn bá mú dáadáa, kò ní ju ọ̀sán kan lọ. Èyí tí ó kúnná dára fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí kò kúnná, tí ó ní ìhá púpọ̀, ni ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan tí ó gbẹ, tí a lè pamọ́ fún oṣù púpọ̀ níbi tí ọ̀rinrin kò bá dé.

Ó yẹ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹran sábà máa ń dópin sórí ìmọ̀ràn láìsí iye. Ewúrẹ́ tí ó dàgbà ń fẹ́ nǹkan bí kílò 0.8 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Obìnrin tí ó ní ewúrẹ́ márùn-ún ń wá kílò 4 lójúmọ́. Fún ọjọ́ 120 tí ẹ̀ẹ̀rùn le jù, ó di kílò 480. Ká ní ìdajì rẹ̀ ni èèpo gbágùúdá, kílò 240 ni. Èèpo tútù tí yóò mú iye yìí wá jẹ́ kílò 720, èyí tí yóò jáde lára gbágùúdá tí kò ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti àbọ̀ lọ púpọ̀. Ibùdó gàrí tí kò tóbi ń lọ iye yìí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ẹran obìnrin yìí yóò jẹ ní ìdajì ẹ̀ẹ̀rùn wà nínú òkìtì kan tí a dáná sun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdajì kejì ńkọ́? Èèpo gbágùúdá ní agbára, kò ní púrótéènì tó. Ẹni tí ó bá fi òun nìkan bọ́ ẹran kò ní rí èrè rẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ ewé ti wọlé.

Igi, Ewé àti Àṣà Ilẹ̀

Àwọn àgbà mọ igi tí ewúrẹ́ ń jẹ ewé rẹ̀: ìyeyè, ọdán, ọ̀pọ̀tọ́, apá. Akòko pàápàá, tí a ń fi ewé rẹ̀ sí olóyè lórí, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ láìbọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn igi wọ̀nyí kì í gbẹ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé gbòǹgbò wọn jìn. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń wá ewé kánjúkánjú yóò bẹ́ ẹ̀ka gbogbo lulẹ̀, igi náà yóò sì kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Gẹdú náà ń bá ẹran du igi. Igi tí àwọn onígẹdú ń pè ní mádríìdì, tí ewé rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn pàtàkì fún màlúù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń tà á ní ìdì ìdì ní ọjà Bamako, ni a gé lọ sí ilẹ̀ China tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ CITES fi ní kí òwò rẹ̀ láti Nàìjíríà dúró ní ọdún 2018.

Ojútùú tí àwọn onímọ̀ gbé wá nígbà kan ni pé kí àgbẹ̀ gbin igi oúnjẹ ẹran fúnra rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1970, ILCA, ilé ìwádìí tí a dà pọ̀ mọ́ òmíràn ní ọdún 1994 kí ó tó di ILRI, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Ìbàdàn. Ní abúlé bí Òwu-Ilé àti Ìwó-Àtẹ̀ lágbègbè Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bá àwọn àgbẹ̀ gbin igi Leucaena àti àgúnmánìyẹ́ ní ìlà ìlà, tí nǹkan bí mítà mẹ́rin wà láàrin ìlà kan sí èkejì, tí a sì ń gbin àgbàdo àti iṣu sí àárín. Bí a bá gé ewé igi náà, apá kan yóò di ajílẹ̀ lórí ilẹ̀, apá kan yóò di oúnjẹ ẹran. Ìmọ̀ náà péye. Ewé àgúnmánìyẹ́ ní púrótéènì púpọ̀, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ gbígbẹ, igi rẹ̀ sì ń rú bí a bá ṣáà ti gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀ kò tàn kálẹ̀ bí wọ́n ṣe rò. Iṣẹ́ gígé rẹ̀ pọ̀, èyí jẹ́ ìdí kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú àṣà: ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó gbin igi tí ń pẹ́ sórí ilẹ̀ ti fẹ́ sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dá oko lè gbin iṣu àti àgbàdo. Bí ó bá gbin igi, ìjà dé. Obìnrin tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ, àti àtọ̀húnrìnwá tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn ni ó sì nílò ewé náà jù. Kò sí ìwádìí orí ewé tí ó lè yanjú ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ibi tí àgúnmánìyẹ́ ti rọrùn jù ni àyíká ilé ẹran fúnra rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí yóò jà sí i. A lè fi ọ̀pá rẹ̀ ṣe ọgbà. Ọgbà náà yóò hù, yóò sì máa bọ́ ẹran tí ó wà nínú rẹ̀. Ó dára kí a jẹ́ kí ewé náà rọ díẹ̀ kí a tó gbé e fún ẹran, nítorí òórùn rẹ̀ kì í kọ́kọ́ bá wọn lára mu. A kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ẹran mìíràn tí kì í jẹ àpọ̀jẹ: àwọn ará Amẹ́ríkà Àárín, níbi tí igi náà ti wá, ń fi í pa eku.

Ìpamọ́ fún Ẹ̀ẹ̀rùn

Ewé ẹ̀pà àti ìtàkùn ẹ̀wà lẹ́yìn ìkórè dára ju koríko gbígbẹ èyíkéyìí lọ, ó sì yani lẹ́nu pé à ń fi wọ́n sílẹ̀ lóko kí iná tó dé. Àwọn ará Kano ń gbé wọn sórí òrùlé, wọ́n sì ń tà wọ́n ní ọjà. Abẹ́ òjìji ni ó yẹ kí a ti sá wọn kí ewé má baà já dànù, nítorí ewé ni ó ní èrè ju igi rẹ̀ lọ. Pòròpórò ọkà bàbà kò tó wọn, ṣùgbọ́n bí a bá gé e wẹ́wẹ́, ẹran yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ dípò kí ó ṣa ewé jẹ kí ó sì tẹ ìyókù mọ́lẹ̀.

Èèsún àti koríko mìíràn tí ó pọ̀ ní oṣù kẹjọ ṣeé fi pamọ́ ní tútù. A ó gé e kí ó tó yọ òdòdó, a ó jẹ́ kí ó rọ fún wákàtí díẹ̀, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó sì kì í mọ́ inú ọ̀rá dúdú tí ó nípọn tàbí inú àgbá títí afẹ́fẹ́ kì yóò fi kù níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò ti kan bí ògì, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé bí afẹ́fẹ́ kò bá wọ̀ ọ́. Iyàwó ilé tí ó mọ bí a ti ń rẹ ògì kò ní nílò olùkọ́ púpọ̀ lórí èyí.

Ajílẹ̀ àti Afẹ́fẹ́

Àjọ FAO ṣírò ní ọdún 2013 pé ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì amáyégbóná tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sí afẹ́fẹ́ ló wá láti inú ọ̀sìn ẹran; nígbà tí ó tún un ṣe ní ọdún 2023, ó di nǹkan bí ìdá 12. Gáàsì mẹ́téènì tí ẹran ń gùn jáde láti inú ṣàkì wà lára rẹ̀. Àṣìṣe ni kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù yìí lé obìnrin elewúrẹ́ márùn-ún lórí. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó ń rù fún oṣù márùn-ún, tí ó sì ń sanra padà fún oṣù méje, ń gùn ní gbogbo ọjọ́ tí kò fi dàgbà. Èyí tí ó jẹun tó yóò tètè tó tà, gáàsì tí yóò sì tú jáde fún kílò ẹran kọ̀ọ̀kan yóò kéré. Ohun tí ó ṣe elẹ́ran láǹfààní kò ta ko ohun tí ó ṣe afẹ́fẹ́ láǹfààní níbí.

Ẹran tí ó wà lójú kan tún ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ sójú kan. Bí a bá gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ pẹ̀lú àjẹkù ewé, tí a sì bò ó kí ó rà, ó di ilẹ̀dú tí a lè gbé lọ sí oko gbágùúdá. Ní ìgbà jíjẹ̀, ojú títì àti ìloro ilé ni ó ń bọ́ sí. Àmọ́ ẹran tí a kó jọ pọ̀ tún ń tètè kó àrùn ran ara wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn PPR, tí ń pa ewúrẹ́ ní ìdì ìdì nígbà ọyẹ́, ni ó yẹ kí ó ṣáájú ilé ẹran kíkọ́.

Ta ni ó ni Èèpo?

Ohun kan kù tí àwọn tí ń polongo èèpo gbágùúdá kì í sọ púpọ̀. Nígbà tí èèpo jẹ́ ìdọ̀tí, ẹnikẹ́ni lè wá kó o. Obìnrin tí ó ní ewúrẹ́ méjì lè rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, alágàrí yóò sì dúpẹ́ pé ó bá òun gbá ilẹ̀ mọ́. Ní kété tí a bá ti ń lọ̀ ọ́, tí a ń tẹ̀ ẹ́, tí a sì ń dì í sínú àpò fún àwọn tí ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, ó ti di ọjà. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yóò fi owó lé e, ọkọ̀ yóò wá láti Ìlọrin gbé e, ọmọ tí ó gbé agbọ̀n wá yóò sì padà lófìfo. Àyíká yóò mọ́, èéfín yóò dópin, ẹran tí ebi ń pa yóò sì wà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó gàrí, àwọn obìnrin tí ń bó gbágùúdá ń gba owó iṣẹ́ wọn ní iye agbọ̀n tàbí báàsíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá bó. Wọ́n lè bá oníbùdó ṣe àdéhùn, ṣáájú kí ẹ̀rọ tó dé, pé apá kan èèpo tí ọwọ́ wọn bó jẹ́ tiwọn, kí a sì máa lọ̀ ọ́ fún wọn ní owó tí ó kéré, bí a ti ń lọ gbágùúdá ẹni tí ó gbé tirẹ̀ wá. Irú àdéhùn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ti ń sin ẹran ẹlòmíràn tí wọ́n sì ń pín ọmọ rẹ̀. Nígbà tí èèpo bá ti ní iye lórí ní ọjà, ẹni tí yóò gbà á padà lọ́wọ́ oníbùdó yóò ṣòro láti rí.